Orúkọ Obìnrin Tí Wọ́n Fi Nọ́ńbà Sin

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, aṣọ kan kì í wọ omi láìní orúkọ. Bí o bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, orúkọ rẹ la ó kọ́kọ́ kọ sórí ìwé pélébé, a ó fi pínnì há a mọ́ kọ́là, kí a tó béèrè àlàáfíà ilé. Òfin Màmá nìyẹn. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń ṣe alágbàfọ̀, aṣọ oníbàárà kan ò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo ń lọ aṣọ. Àwọn oníbàárà ní ẹnu mi gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ, n ò sì bá wọn jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan wọlé. Mo rò pé aṣọ ló fẹ́ fọ̀, mo na bírò sí i.

"Ọlọ́pàá ni mí," ó ní. "Àwa la máa ń wá orúkọ àwọn òkú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ṣé Màmá wà nílé?"

Díẹ̀ ló kù kí n jó sòkòtò onísòkòtò.

Màmá jáde láti ẹ̀yìn, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá náà jókòó, ó rọra ṣàlàyé. Ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, wọ́n rí egungun obìnrin kan nínú kànga ilé tí wọn ò kọ́ parí. Ẹnì kan ló fọ́ ọ lórí. Wọ́n kéde títí, ẹnikẹ́ni ò wá béèrè rẹ̀. Wọ́n sin ín, wọ́n sì kọ "Nọ́ńbà Kẹrìnlá" sórí sàréè rẹ̀.

"Kí ló wá kàn wá ńbẹ̀?" mo ní.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Àmì kan wà tí bàbá àti ìyá máa ń fi sí ọmọ lára, DNA ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó wà nínú itọ́, ó wà nínú egungun. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tiwọn á bára mu gan-an. Ẹbí tó jìn, díẹ̀ ló máa bára mu. Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi itọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń báni wá mọ̀lẹ́bí, ó sì gbà kí ọlọ́pàá wò ó. Tiẹ̀ bá ti obìnrin yìí mu díẹ̀."

"Ẹ wá mú tíṣà?"

"Kí la fẹ́ mú un fún? Ìdílé rẹ̀ la tò, láti orí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ lágbà. Ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ta ló kú, ta ló kó lọ. A bi àwọn àgbà, a wo àwọn ìwé àtijọ́. Gbogbo ọmọbìnrin inú ìdílé yẹn la rí, àfi ẹnì kan. Ilé ọkọ Màmá ló ti wá."

Mo wo Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń sọ. Adúmáadán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bó ṣe dúdú tó ń dán. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí lọ́jọ́ tó jáde láàárọ̀, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan bá yín sọ tí mo bá dé." Kò dé. Màmá sọ fún gbogbo ayé pé ó rìnrìn-àjò, pé yóò padà tí inú rẹ̀ bá rọ̀. Kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ.

"Itọ́ díẹ̀ la fẹ́, ká fi wé tirẹ̀," ọlọ́pàá ní.

"Itọ́ kẹ̀?" Mo ti gbé ẹnu mi dé. "Kí ẹ lè kó ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ rù wá?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn yín. Ẹ óò ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá ní ẹ ò ṣe, mo lọ nìyẹn."

Mo rò ó. "Ó dáa, ẹ gba tèmi."

"Tìẹ kẹ̀?" Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Èmi ìyá rẹ̀ jókòó síbí, ìwọ ọmọdé lo fẹ́ lanu? Àbí ìwọ lo bí i?"

"Ti ìyá ló dáa jù lóòótọ́," ọlọ́pàá ní. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, ó tì í bọ inú ike, ó kọ orúkọ sára rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló tẹ́ Màmá lọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó padà wá.

"Ẹ má bínú pé a dà yín lọ́kàn rú," ó ní. "Obìnrin yẹn àti Màmá ò bára tan rárá. A máa yọ ilé yín kúrò, a máa wá ibòmíràn."

Mo pariwo! Mo dì mọ́ ọlọ́pàá, mo dì mọ́ oníbàárà tó wá gba kóòtù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò kú! Oníbàárà náà ń bá mi rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó fún oníbàárà ní kóòtù, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì tì í padà. Ó wá jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí.

"Ẹ má yọ ilé wa," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo bí i."

"Màmá, kí lẹ wí?"

"Bàbá ẹ ní àbúrò obìnrin kan. Ọjọ́ tó bímọ ló kú. Ẹni tó fún un lóyún ti sá lọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, kò tíì lo wákàtí mẹ́ta láyé. Mo ní ẹni tó bá pè é lọ́mọ òrukàn níṣojú mi, èmi àti olúwa ẹ̀ ni. Gbogbo ẹbí panu mọ́. Nígbà tó wá ní òun ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, tí kò dé, mo ní ó ti gbọ́, ó ti kọ̀ mí nìyẹn. Tí mo bá sì lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n á bi mí pé ta ló bí i."

Ọlọ́pàá tún ṣí fáìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, díẹ̀ ló kù ká ti fáìlì yẹn pa."

"Mo mọ̀. Ẹ gba ti ọmọ yìí. Ìyá kan, bàbá kan ni bàbá rẹ̀ àti ìyá Adúmáadán."

Inú bí mi, n ò ní parọ́. Ó bí mi débi pé n ò lè wo ojú Màmá. Ṣùgbọ́n mo lanu.

Tèmi bá a mu, bí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ṣe máa ń bára mu. Ẹ̀gbọ́n mi ni Nọ́ńbà Kẹrìnlá. Ibùsọ̀ ọkọ̀ méjì péré ni kànga yẹn sí ṣọ́ọ̀bù wa.

Bí orúkọ ṣe jáde, ọlọ́pàá mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, onídìrí kan. Ó sọ pé awakọ̀ kan tó fẹ́ fẹ́ Adúmáadán ń lù ú. Àárọ̀ ọjọ́ tí kò padà wálé yẹn ni Adúmáadán lọ sọ fún awakọ̀ náà pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́; ọ̀rọ̀ tó ní òun máa bá Màmá sọ tóun bá dé nìyẹn. Awakọ̀ náà wà ní àtìmọ́lé báyìí, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí onídìrí wá kí wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi í. "Ṣé ó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí òun?"

"Ó mọ̀ tipẹ́, Màmá. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni ẹbí yín kan ti fi bú u. Ó ní kí n má sọ, kó má baà dùn yín. Ó ní ìyá òun ni yín, ó parí."

Màmá fi ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bo ojú. "Ọdún mọ́kàndínlógún," ó ní. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bá ọmọ mi tí wọ́n jù sí kànga bínú." Ó sunkún, èmi náà sunkún, ìbínú mi sì tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Bí ẹni yín bá jáde tí kò wọlé, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà, ẹ má parọ́ ìrìn-àjò bò ó. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ ṣì lè lọ sọ. Bí wọ́n bá ní ẹ fi itọ́ sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá sì bi yín pé ta ló bí ẹni náà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí ẹ gbà tọ́, ẹni tí ẹ kó mọ́ra, ọmọ yín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀.

A ti tún ẹ̀gbọ́n mi sin. Ìwé pélébé ṣọ́ọ̀bù wa ni Màmá fi kọ ohun tí agbẹ́kúta máa gbẹ́ sórí sàréè. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni "Ọmọ Ìyá Alágbàfọ̀."

Agbẹ́kúta kà á. "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

"Ọlọ́pàá ti bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì ti dáhùn," Màmá ní. "Ìwọ gbẹ́ ohun tí mo kọ."