Etí Ọ̀tún Ni ti Ìbọn, Etí Òsì Ni ti Òkú

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Ṣóbándé ní Issaba, Mathias Ògúnṣínà gbé orí sókè nídìí ẹ̀kọ tó ń mu nílé rẹ̀ ní Pobè, ó ní kí ìyàwó òun lọ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Victorine wo ilẹ̀kùn, ó sì wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Berthe, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu yìí? Ta ni yóò kàn án?"

Oòrùn ti wọlé dé ìdí àga. Adìyẹ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Síbẹ̀ Mathias gbọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, ìdákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Kó, kó, kó. Kó. Bí ìgbà tí ènìyàn bá fi oríkèé ìka kan pákó.

Ariwo etí kì í ṣe àjèjì sí i. Òun ló ń yin ìbọn òkú àgbà láti Pobè títí dé Igana, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ìrẹ̀ kan ti wọ etí ọ̀tún rẹ̀, níhà tí ẹ̀tù ti ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kò sì jáde mọ́. Ìrẹ̀ yẹn ń han tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n òun àti Mathias ti mọ ìwà ara wọn. Bí òjò bá ń rọ̀, kì í gbọ́ ọ. Bí rélùwéè bá ń fọn fèrè bọ̀ láti Sakété, ìrẹ̀ a forí pamọ́. Etí òsì ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, ìyẹn sì mọ́ bí omi àfẹ̀mọ́jú.

Etí òsì yìí gan-an ni nǹkan náà wọ̀, kò sì ṣe bí ìrẹ̀. Òjò rọ̀, kò bò ó. Mathias lọ dúró lẹ́bàá ojú irin títí ọkọ̀ fi kọjá, tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárín gbogbo ariwo náà, ó ń gbọ́ ọ gedegbe. Bó bá sì fi etí òsì sùn, a dà bíi pé abẹ́ ẹní ni wọ́n ti ń kàn án.

Nígbà tí oṣù fi máa parí, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́. Victorine mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Sakété. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ tan iná sí etí méjèèjì.

"Tọ̀tún ti bàjẹ́, bàbá. Ìbọn ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n tòsì yìí, bí etí ọmọdé ló rí."

"Ta ló wá ń kan nǹkan nínú rẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bóyá ẹ ti àlejò mọ́ inú ilé, ẹ sì gbàgbé rẹ̀."

Mathias kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì jáde.

Victorine tún mú un lọ sí ìjọ tirẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun. Wọ́n wúre sórí omi, wọ́n fi wẹ etí rẹ̀, wọ́n sì lu agogo sí i létí. Ìrẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. Kíkàn náà kò dákẹ́. Àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló ṣe. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Victorine bá a lẹ́yìn ilé, tó ti ki ẹnu abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò bọ ihò etí òsì. Ó dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Bó o bá fọ́ ọ, kí lo máa fi gbọ́ mi?"

"Mi ò gbọ́ ẹ mọ́ báyìí, Victorine. Ó dúró síwájú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ."

Ibẹ̀ ni Mathias jókòó sí, lórí ilẹ̀, tó sọ ohun tó ṣe fún un.

Ìlànà kan wà nílé wọn, tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Kí oníbọn tó ki ẹ̀tù, yóò wọ yàrá, yóò gbé etí lé ẹnu òkú, yóò sì dúró níbẹ̀ títí yóò fi dá a lójú pé kò mí mọ́. Ìbọn tó bá ti dún kì í padà sínú ihò rẹ̀. Etí òsì ni wọ́n sì máa ń lò. Etí ọ̀tún ni ti ìbọn, etí òsì ni ti òkú, bàbá rẹ̀ a máa wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí Ṣóbándé kú, ọ̀la ni wọn yóò ṣe ọdún kìíní òmìnira. Basile, ọmọkùnrin olóògbé, tẹ̀ lé Mathias wọ yàrá. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá oníbọn, ẹ yára. Baálẹ̀ ní ìró ìbọn kò gbọdọ̀ dún nígbà fẹ́ẹ̀tì òmìnira." Sẹ̀gilọlá, ọmọbìnrin olóògbé, gbé orí bàbá rẹ̀ lé itan, ó ń sunkún láìpariwo. Bí Mathias bá lo etí òsì, ojú rẹ̀ yóò kọ sí ojú ọmọ náà, àánú kò sì jẹ́ kó lè wò ó. Ó kọjú sí ògiri. Etí ọ̀tún ló gbé lé ẹnu bàbá arúgbó náà. Kò gbọ́ nǹkan kan àyàfi ìrẹ̀ tirẹ̀.

Ó ní, "Ó ti lọ," ó sì jáde lọ yìnbọn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kan pósí, wọ́n ti sin ín sínú yàrá rẹ̀.

"Dìde," ni Victorine wí. "À ń lọ sí Issaba."

Sẹ̀gilọlá nìkan ni wọ́n bá nílé. Ó jókòó lórí àpótí nínú yàrá bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ilẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ọlọ ńlá kan wà láàárín yàrá, níbi tí kò yẹ kí ọlọ wà. Victorine dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mathias kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí.

"Etí tí kò gbọ́ràn ni mo fi gbọ́ bàbá rẹ, ọmọ mi."

Sẹ̀gilọlá pa ẹ̀gúsí mẹ́rin, márùn-ún sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé igbá kalẹ̀, ó sì fi oríkèé ìka kan àpótí tó jókòó lé. Kó, kó, kó. Kó.

"Ṣé báyìí ni?"

Mathias di etí òsì mú. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Alẹ́ ọjọ́ tí a sin ín ló bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Basile la jọ gbọ́ ọ. Mo ní ká gbẹ́ ilẹ̀. Basile ní ìbọn ti dún. Ó ní ẹni tí ìbọn bá ti dún fún, a kì í dá a lóhùn, kó má baà mú ẹni lọ. Ó yí ọlọ yẹn lé ibẹ̀." Kò gbé ojú sókè. "Bàbá mi nìkan ló ń kàn báyẹn. Bó bá ti oko dé, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe àlejò. Mo jókòó tì í, mo pa ẹnu mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ló dákẹ́."

Mathias rántí ẹ̀kọ rẹ̀, àti adìyẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́," ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ó gbé orí ọkùnrin náà lé itan, níbi tí orí bàbá rẹ̀ ti wà lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ títí etí rẹ̀ fi kan etí òsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Omijé rẹ̀ kán sí Mathias lọ́rùn, ó gbóná. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka, ó kan egungun ẹ̀yìn etí náà: kó, kó, kó. Kó.

Kíkàn náà dákẹ́.

Ìrẹ̀ náà dákẹ́. Mathias gbọ́ imọ̀ ọ̀pẹ níta. Ó gbọ́ èémí Victorine lẹ́nu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, kò sí nǹkan kan nínú orí rẹ̀, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti tán," ó ní. "Victorine, ó ti tán."

Nígbà náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe mẹ́ta àti ẹyọ kan mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni, kíákíá, láìsinmi, nínú etí òsì àti etí ọ̀tún, bíi ti ẹni tó ti ń pè tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà níta.

Mathias ké, ó fẹ́ dìde. Sẹ̀gilọlá fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ẹ má mira," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì tún gbé etí rẹ̀ lé e. "Ó ti mọ̀ pé mo wà níbí."