Orí Òpó Oníwo Àgbò

Ṣọ́bìrì Argíris kan nǹkan líle nínú kòtò tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Safíró, ń gbẹ́ láti gbin igi ólífì sí oko bàbá wọn létí òkun. Àpáta lásán ni wọ́n pè é. Ìgbà tí Safíró kúnlẹ̀, tó fi omi inú ìgò rẹ̀ ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

Òkúta funfun ni, ó ká sọ́tùn-ún sósì bí ìwo àgbò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Safíró, wọ́n sì ti kọ́ ọ nílé ìwé pé oríṣi mẹ́ta ni àwọn baba ńlá wọn máa ń gbẹ́ orí òpó tẹ́ḿpìlì: èyí tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, èyí tó ní ìwo, àti èyí tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lára. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ti inú ìwé. Èyí tutù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú ibi tí irin agbẹ́kùúta gbà kọjá ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti di erùpẹ̀ láti ayébáyé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kú.

Argíris ní kó má sọ fún bàbá wọn. Ó mọ ọkùnrin kan tó ń ra irú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, torí òfin kò gbà kí wọ́n tà á. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja bàbá wọn ti kú, ẹ̀wà ni wọ́n sì ń jẹ lójoojúmọ́.

“Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́,” ló wí. “Ilẹ̀ wa ni. Ta la jà lólè?”

Ó ti rẹ Safíró náà. Ó gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ dé. Òkúta náà wúwo kọjá agbára wọn, ló bá gbé ayùn oníná jáde. Ó ní ìwo méjèèjì lòun máa gé, pé ìyẹn làwọn olówó ń fẹ́. Kí Safíró tó ronú, ó ti jókòó lé òkúta náà lórí.

“Bùọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kó gé e.”

“Dìde níbẹ̀. Ṣé òkúta ló máa bọ́ wa?”

“Kò ní bọ́ wa. Ṣùgbọ́n tó bá gé e, ta ló máa tún un gbẹ́?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Argíris gbé ìyàwó òkúta kúrò lọ́nà òun. Safíró fa fóònù yọ, ó pe bàbá wọn. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi sá lọ.

Bàbá wọn fi tó ìjọba létí. Ìjọba sọgbà yí oko náà ká nígbà tí èso àwọn igi ólífì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó, ìdílé náà kò sì rí èso kan ká. Ní gbogbo ìgbà òtútù, òróró àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń tọrọ. Argíris kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé, “Ìyàwó Òkúta” ló sì di orúkọ Safíró níbẹ̀. Nígbà mìíràn á sunkún, á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé òun kò ti ṣìṣe.

Nígbà tí oòrùn padà mú, Ìyáàfin Efántíà, olórí àwọn tí ìjọba rán wá wú ohun àtijọ́ jáde nínú oko náà, ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n wo inú kòtò ńlá tó wà níbẹ̀. Àwọn òpó ńláńlá sùn lọ bẹẹrẹ, bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe wó wọn gan-an, abala lé abala bí búrẹ́dì tí wọ́n gé. Ìlà ara wọn gún láti ìdí dé orí bí ìṣẹ́po aṣọ. Bàbá wọn ṣí fìlà rẹ̀. Obìnrin náà ní ká ní wọ́n ti gbé orí òpó yẹn lọ ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé tẹ́ḿpìlì wà níbẹ̀.

Argíris sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ sínú ìlà òpó kan. Apá rẹ̀ wọnú rẹ̀ tán.

“Safíró, wá wò ó,” ló wí jẹ́jẹ́. “Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́ tà nígbà yẹn.”

Ìjọba fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn dípò oko náà, kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́. Òtítọ́ kì í sábà sanwó lọ́jọ́ tí a bá ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ wa ló jẹ́ tiwa láti tà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwọn tó ti lọ ló fi sí wa lọ́wọ́, kí á lè fi lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́.