Fáàfù Tó Rọrùn Jù

“Ẹ fi aṣọ di ojú mi, ẹ jù mí sínú omi, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Kí ẹ tó ka ẹ̀wá, mo ti pa gbogbo fáàfù tó wà lẹ́yìn mi, mo ti tún un ṣí, mo sì ti ń wá ohun tí n óò jẹ!”

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abẹnugan ló ń sọ̀rọ̀. Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti dáyé, ẹnu rẹ̀ kò tíì sinmi débi tí ẹnikẹ́ni yóò fi ráyè rántí orúkọ gidi. Orí àga onígi ló dúró sí láàárín ilé iṣẹ́ àwọn òmùwẹ̀, ó ń ju sípánà sókè, ó ń hán an. Jẹ́jẹ́ nìkan ló ń wò ó, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. Bí o bá kí Jẹ́jẹ́ láàárọ̀, tó bá yá a lára, á dá ọ lóhùn lọ́sàn-án.

“Ọ̀la ni ìdánwò,” ni Jẹ́jẹ́ wí.

“Ìdánwò ló yẹ kó máa bẹ̀rù mi. Ojú tó ti rí òkun, ṣé ọ̀sà ló máa wá bà á lẹ́rù?”

“Òkun wo lo ti rí?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́.”

Sípánà já bọ́, ó balẹ̀ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Abẹnugan pariwo, ó bẹ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tọ yí gbogbo yàrá ká. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé igun kan báyìí, ó kàn dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó wọ yàrá tí aláìsàn ń sùn sí.

Sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì ló wà ní igun yẹn, tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ti bàbá rẹ̀ ni. Òmùwẹ̀ ni bàbá náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọ abẹ́ omi níbi tí wọ́n ti sé odò, kó máa kó ìdọ̀tí kúrò lára irin asẹ́ tí omi ń gbà wọ inú ìlú. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló wọ omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn èèyàn ló gbé e jáde. Láti ìgbà náà ni sílíńdà rẹ̀ ti wà ní igun. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú wọn mọ́. Síbẹ̀, bí ilé bá pa rọ́rọ́, wàá gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ aṣọ yẹn, hìì... hàà..., bí ẹni tó rọra ń mí. Jẹ́jẹ́ kì í kọ ẹ̀yìn sí ibẹ̀. Bí ó bá ń kọjá, ńṣe ló máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Abẹnugan ní tirẹ̀ máa ń kí i láràárọ̀: “Bàámi, ẹ kú àárọ̀.” Ohùn ìkí yẹn nìkan ni kì í ní ariwo nínú.

Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà wọlé. Bàbá Kékeré ni Abẹnugan ń pè é, nítorí àbúrò bàbá rẹ̀ ni, òun náà ló sì ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ó to irin síwájú wọn lórí tábìlì.

“Ó yá, ẹ wá yan ohun tí ẹ óò gbé sẹ́yìn. Sílíńdà méjì rèé. Kí ló so wọ́n pọ̀?”

“Afárá!” ni Abẹnugan kígbe.

“Mi ò tíì dití. Afárá irin yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Fáàfù tó ń ṣí afẹ́fẹ́, tó sì ń pa á, wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì. Kí là ń pe ọwọ́ wọn?”

“Etí, torí ẹ̀yìn orí ló wà.”

“Etí ọ̀tún ń fún ẹnu ìmí kan ní afẹ́fẹ́, etí òsì ń fún èkejì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lábẹ́ omi ńkọ́?”

“Màá pa etí rẹ̀, màá bọ́ ọ lẹ́nu, màá ki èkejì bọnu. Bàbá Kékeré, ọmọ ìkókó mọ ìyẹn.”

“Ọmọ ìkókó, wá yan fáàfù.”

Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Abẹnugan di etí àkọ́kọ́ mú, ó yí i. Ó le. Ó di èkejì mú, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eyín sí i.

“Kí lẹ fi di èyí, ọdà?”

“Ó yẹ kó le díẹ̀.”

“Bó ṣe máa le tó nìyí? Ti Bàámi ńkọ́? Èmi ti yí tiwọn wò. Ìka kan ṣoṣo ló gbà!”

Ọwọ́ Bàbá Kékeré dúró sórí tábìlì. Kò wo igun yẹn. Ó wo gbogbo ibi tó kù nínú yàrá, títí kan òrùlé.

“Fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Mo ní kí o fi í sílẹ̀.” Ó fi etí kọ̀ọ̀kan hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yan èyí tó le díẹ̀ fún un, ó yan òmíràn fún Jẹ́jẹ́, ó sì jáde lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ̀kọ́ kò tíì tán, ọ̀gá ti sá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí àgbà bá sọ pé “fi í sílẹ̀” tí kò sì sọ ìdí? Ọmọ á gbé e ni.

“Abẹnugan, má ṣe é,” ni Jẹ́jẹ́ ń wí bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ká aṣọ funfun kúrò.

“Ṣé o fẹ́ kí n wọ omi lọ́la bí ọmọ aláìníbaba? Ohun tó jẹ́ ti bàbá mi ni mo fẹ́ gbé sẹ́yìn. Wá bá mi di sílíńdà mú. Tàbí ẹ̀rù òkú ń bà ọ́?”

Ẹ̀rù òkú ń ba Jẹ́jẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wo ló máa jẹ́wọ́ ìyẹn lójú ọmọbìnrin? Ó di í mú. Abẹnugan tú afárá àti fáàfù bàbá rẹ̀, ó fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó pààrọ̀ òrùka rọ́bà inú wọn, ó dè wọ́n mọ́ sílíńdà tirẹ̀. Ohun tó ń dunni ni pé ó ṣe é dáadáa. Nígbà tí Bàbá Kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ kún wọn ní ìrọ̀lẹ́, tó rì wọ́n sínú ọpọ́n omi, ìfófòó kan ṣoṣo kò yọ. Ó wo ẹ̀yìn sílíńdà náà pẹ́. Ó nu ojú rẹ̀. Ó tún wò ó. Ó gbé e kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́rin ló wà létí kòtò omi ńlá tí wọ́n fi símẹ́ńtì kọ́ fún ìdánwò. Ìyá Abẹnugan wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lápá. Láti ọdún mẹ́ta, obìnrin yìí kò tíì sún mọ́ omi tó jinlẹ̀ ju ti inú garawa lọ. Ó ti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ pé: “Mo gbà kí o ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o kò bá yege lónìí, ọ̀rọ̀ omi ti parí nílé wa.” Nítorí náà, iṣẹ́ tí Abẹnugan fẹ́ràn jù láyé ló gbé lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn.

Omi náà dúdú, ó sì tutù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn igi irin sí, wọ́n dúró lókè orí bí àjà ilé. Abẹ́ wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà kọjá. Bó bá yọ ní òdìkejì, Bàbá Kékeré, tó ń dúró níwájú nínú omi, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀méjì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá pa etí ọ̀tún, yóò sì máa fi ẹnu ìmí òsì mí. Òfin kan wà tó ṣáájú ìyẹn: bí o bá ti jáde lábẹ́ ohunkóhun, fi ọwọ́ kan etí rẹ méjèèjì, kí o mọ̀ pé wọ́n ṣí.

Abẹnugan wọlé bí ọ̀kọ̀. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn, ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Irin ń ha sílíńdà lẹ́yìn Abẹnugan, kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ. Ó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn sí i, ó ní bóyá bí ó ṣe máa ń rí fún bàbá òun nìyí. Ó yọ ní òdìkejì. Tọ́ọ̀ṣì tàn lókèèrè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ kan etí kẹ̀? Ta ló ráyè ìyẹn? Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó pa etí ọ̀tún, ó tu ẹnu ìmí rẹ̀ nù, ó ki ti òsì bọnu, ó fà á.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún fà á. Ó dà bí ẹni tó ń mu ọmú òkúta. Ẹnu tí kì í sinmi yẹn ṣí sílẹ̀, kò sì ní ohun tí yóò sọ. Ó nawọ́ sí etí ọ̀tún tí òun fúnra rẹ̀ pa. Ìka rẹ̀ yọ̀ kúrò. Ó tún nà án, kò bá a mọ́. Gbogbo omi dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, hìì... hàà..., bí ẹni tó rọra ń mí, òun gan-an kò sì mí.

Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ń kan sílíńdà òsì.

Kó. Kó. Kó.

Kò ronú. Ibi tí ìró ti wá ni ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó bá etí òsì. Ó ti pa pátápátá. Ó yí i, ìka kan ṣoṣo ló gbà, afẹ́fẹ́ sì ya wọ ẹnu rẹ̀ bí omijé.

Ìgbà tí Bàbá Kékeré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ńṣe ló gbá a mú, tó gbé e lọ sókè.

Létí kòtò, ó yí ẹ̀yìn ọmọ náà sí oòrùn. Ó rí ìlà kan tí wọ́n fi ayùn fà sára afárá, àmì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fà sára gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, tòun taṣọ.

“Mo ti rí i láti àná,” ló wí. “Mo rí i nígbà tí mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Mo ní ojú mi tún ti ń ṣe é. Láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀yìn ẹni gbogbo tó bá wọ omi ni mo ti ń rí afárá yẹn. Mi ò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́.”

“Kí ló ṣe Bàámi?” Ohùn Abẹnugan kò ju ti Jẹ́jẹ́ lọ.

“Ohun tó ṣe ọ́ yìí náà. Nígbà tí mo gbé wọn jáde, etí òsì ti pa. Mo ti sọ fún wọn pé fáàfù yẹn ti gbó, ó ti rọrùn jù. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kì í ṣe ọwọ́ ẹrú. Bí o bá ń kọjá lábẹ́ irin, irin máa ń ha etí òsì, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ síhà pípa; ti ọ̀tún, síhà ṣíṣí ló ń yí i. Èyí tó le, kì í gbà fún un. Èyí tó rọrùn fún ọ láti ṣí, ó rọrùn fún irin láti pa. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Ojú ló ń tì mí pé mo wà nítòsí tí mi ò sì tètè débẹ̀. Mo kàn ń sọ pé omi ló gbé wọn lọ, omi ló gbé wọn lọ. Kí ni omi mọ̀?”

“Èmi ni mo jalè,” ni Abẹnugan wí. “Mi ò sì fi ọwọ́ kan etí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lomi ń gbé lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ti sọ ọ́ títí.”

“O kò yege.”

“Mo mọ̀.”

Ó mọ̀ bákan náà ohun tí ìyá rẹ̀ ti sọ. Kò jiyàn. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́, tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Jẹ́jẹ́, o ṣeun. Bí o kò bá kan sílíńdà yẹn fún mi, ǹ bá má mọ ibi tí n óò nawọ́ sí.”

Jẹ́jẹ́ wò ó. “Èmi? Abẹ́ irin ni mo ṣì wà nígbà tí Bàbá Kékeré ti ń gbé ọ lọ sókè.”

“Bàbá Kékeré, ẹ̀yin ni?”

“Iwájú rẹ ni mo wà. O rí tọ́ọ̀ṣì mi.”

Omi inú kòtò ti dákẹ́, ó dúdú, kò sí ìfófòó kankan lójú rẹ̀. Irun orí Jẹ́jẹ́ dìde. Bàbá Kékeré bọ́ fìlà rọ́bà orí rẹ̀, ó tẹrí ba. Omijé bọ́ lójú Abẹnugan.

“Bàámi ni,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Bàámi ló kàn án fún mi.”

Ìyá rẹ̀ da aṣọ ìnura bò ó léjìká, ó ń nu irun rẹ̀.

“Bàbá rẹ kẹ̀? Ogún ọdún ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé, kò kan ilẹ̀kùn rí.”