Òrùka Jayé àti Sípíríǹgì Ruqoyah

Gbàù! Gbàù!

"Gbogbo yín, ẹ dọ̀bálẹ̀! Phone ni mo bá wá, mi ò bá ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wá!"

Jayé ló ń bú ramúramù ní ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ní Ìkòsí, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán gangan. Ọ̀gá ọlọ́ṣà ni, "Chairman" ló ní kí wọ́n máa pe òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti awakọ̀ rẹ̀ nìkan ni gbogbo ẹgbẹ́ náà.

Lódìkejì títì, Ruqoyah mẹkáníìkì ti wà lábẹ́ tábìlì irinṣẹ́ rẹ̀. Ó di páálí kékeré kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Sípíríǹgì fáàfù mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, èyí tó le dáadáa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn ọlọ́ṣà sáré jáde pẹ̀lú àpò fóònù. Àyúbà awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

"Àyúbà! Wetin dey happen?"

"Chairman, bátìrì ti kú!"

"O ò yẹ bátìrì wò ká tó wá jalè?"

Jayé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọkọ̀ pupa kan ní ìsọ̀ Ruqoyah, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn méjèèjì ti kó sí i.

VÙÙÙÙM!

"Mo gbé!" Ruqoyah fi igbe ta. Kì í ṣe ìbọn ló ń bà á lẹ́rù.

Ọdún mẹ́ta ló fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ṣe. Ìdíje eré ọkọ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin, òun nìkan sì ni obìnrin tó forúkọ sílẹ̀. Gbogbo mẹkáníìkì Kétu ló ti fi í rẹ́rìn-ín tán. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá kú, ẹ̀rín wọn á di òótọ́.

Ó sì lè kú lójú ẹsẹ̀. Sípíríǹgì àtijọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ ní ìṣẹ́jú kan, sípíríǹgì tó ti rọ̀ kò ní lè dá fáàfù padà sáyè rẹ̀ kí pístìnì tó gòkè dé. Bí àwọn méjèèjì bá kọlu ara wọn lókè, ó parí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Owódé Onírin ló kù.

Èyí tó tún wá burú jù, wàdùwàdù ti kó bá Ruqoyah. Sípíríǹgì tuntun kò tíì dé tó ti fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà pupa sójú aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, ní ibi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ẹni tó bá rí ìlà náà á gbà pé ibẹ̀ ni òun lè tẹ̀ ẹ́ dé. Ta ní ń sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i? Ruqoyah ni.

Pà-pà-pà-pà! Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já dé iwájú ìsọ̀. Nojeem, olórí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, ló wà á, ìbọn ìbílẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ruqoyah, wọlé! Láàyè ni mo máa mú wọn!"

Ruqoyah kó sẹ́yìn rẹ̀, tòun ti páálí rẹ̀. "Ọ̀gá Nojeem, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

Níbòmíràn, ta ni yóò fi Márúwá lé ọkọ̀ eré ìje? Àmọ́ ojú ọ̀nà Mile 12 ni wọ́n forí lé. Àwọn tírélà tòmátì láti òkè Ọya ti dábùú títì, bárò àwọn alábàárù sì gba ibi tó kù. Níbẹ̀, ọkọ̀ eré ìje àti Márúwá di ẹgbẹ́. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkọ̀ pupa náà kò ní gíláàsì fèrèsé, nítorí náà wọ́n ń gbọ́ ara wọn ketekete.

VÙÙÙM! Àyúbà ń tẹ̀ ẹ́ lójú kan.

Ruqoyah yọ orí síta. "Ìwọ awakọ̀! Má tẹ̀ ẹ́ kọjá six! Sípíríǹgì ibẹ̀ ti gbó!"

Ẹnu ya Nojeem. "Àwọn ọlọ́ṣà lò ń gbà nímọ̀ràn?"

"Ẹ́ńjìnnì mi ni mò ń gbà là!"

Àyúbà wo ojú aago. "Aunty, ẹ̀yin náà lẹ fa ìlà sí eight!"

"Mo kánjú fà á ni! Àwọn sípíríǹgì tuntun rè é lọ́wọ́ mi!"

Jayé rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó gbé ọwọ́ tó fi di ìbọn mú sókè. Òrùka bàbà ńlá kan wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí òrùka yìí? Bàbá mi àgbà ló ni ín. Bí ẹnikẹ́ni bá purọ́ fún mi, gbígbóná ló máa ń gbóná." Ó fi àtàǹpàkò kàn án. "Yéè! Ó ti gbóná! Irọ́ ló ń pa! Àyúbà, tẹ̀ ẹ́!"

Ọwọ́ tó di ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mú, tí oòrùn ọ̀sán tún ń pa, kí ni kò ní gbóná níbẹ̀? Ooru ni òrùka mọ̀, kò mọ irọ́.

Tírélà kan sún. Ọ̀nà là fẹ̀ẹ̀.

VÙÙÙÙÙM! Tà-tà-tà-tà!

Ruqoyah di orí mú. Fáàfù ló ń pariwo yẹn. Ojú Àyúbà náà yí padà, torí ó ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì rí.

"Chairman, fáàfù ni mò ń gbọ́ o! Aunty yẹn ò purọ́!"

"Ta ni Chairman níbí, èmi àbí fáàfù?"

Gbàù! Jayé yìnbọn, díńgí Márúwá fọ́ yángá. Nojeem na ìbọn tirẹ̀.

Kọ̀.

"Ẹ̀tù ti tutù," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Márúwá ń lọ láìsí ojú tó ń wo ọ̀nà.

Tírélà mìíràn ṣì dí wọn lọ́nà, ṣùgbọ́n ó ti ń yà kúrò. Ọ̀nà Ìkòròdú gbalasa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí Àyúbà bá débẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ dé ìlà kútẹ́ẹ̀sì. Omi lé ròrò lójú Ruqoyah. Ó wo Jayé tó ń fọwọ́ pa òrùka, ọgbọ́n kan sì sọ sí i lọ́kàn. Ọkùnrin yìí kò ní gba òun gbọ́ láéláé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó dìde dúró nínú Márúwá.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé eight! Irọ́ ni mo pa lẹ́ẹ̀kan! Sípíríǹgì tuntun ti wà níbẹ̀!"

Jayé kan òrùka. Ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo.

"Ó tún purọ́! She wan scatter our engine! Àyúbà, slow down!"

"Chairman, thank you, sir!" Tọkàntọkàn ni Àyúbà fi sọ ọ́. "Ṣé jẹ́jẹ́ báyìí?"

"Jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ! A ò ní kó sí páńpẹ́ obìnrin yìí."

Alábàárù kan ti bárò àlùbọ́sà kọjá lára wọn, ó sì kí wọn pé ẹ kú ọ̀sán.

"Kí ló ṣe wọ́n?" Nojeem béèrè.

"Òrùka ni. Ẹ dábùú wọn!"

Nojeem fi Márúwá dí ọ̀nà, ó fọn fèrè. Fíííìì! Àwọn alábàárù ya bò wọ́n. Jayé fa ìbọn.

Kẹ́! Ọta ti tán.

Pọ̀tọ̀! Agbọ̀n tòmátì tó ti jẹrà dé e lórí bọrọgidi.

Nígbà tí Inspector Joanna àti àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ dé, wọ́n ti so àwọn méjèèjì mọ́ bárò. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, Inspector sì mú ìwé àti bírò jáde.

"Àyúbà, don't talk!" Jayé jágbe láti inú tòmátì. "Lawyer la máa rí!"

Àyúbà pa ẹnu dé. Inspector béèrè, béèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u.

Ruqoyah la àárín àwọn ọlọ́pàá kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú Àyúbà. "Jọ̀ọ́, ó dé mélòó? Ó pẹ́ tó níbẹ̀?"

"Má dá a lóhùn!"

Ṣùgbọ́n ta ló ń bi mẹkáníìkì léèrè ẹ́ńjìnnì tí yóò dákẹ́?

"Aunty, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí a jí ní Ìṣẹrì Olówóòrá ló kọ̀ fún wa. Chairman ti yìnbọn méjì ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù mẹ́tàlélógójì ló wà nínú àpò, mo ti fi ìwúwo rẹ̀ kún ìṣirò mi. A gbé tiyín. First gear, four thousand, jẹ́jẹ́. Ìgbà tí ọ̀nà là yẹn ló dé six-seven. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré! Èmi fúnra mi ni mo yọ ẹsẹ̀."

Bírò Inspector ń sáré. Jayé di ojú méjèèjì.

Ruqoyah wọ inú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ̀... kẹ̀...

Vùùùùm. Ó dún geere, kò sí tà-tà kankan.

"Ó yè! Ọmọ mi yè!" Ó gbé orí lé sítíárìn, ó sunkún ayọ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni.

Àyúbà ń fò sókè pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Inspector Joanna fẹ́ pa ìwé rẹ̀ dé.

"Ṣé ó ti tán?"

"Madam, kò tíì tán o," Àyúbà dáhùn. "Ẹ ò tíì béèrè ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a fi jalè ní Mágódò lóṣù tó kọjá. Ìyẹn gan-an ló dùn!"

Inspector Joanna ṣí ojú ìwé mìíràn.