Ìlà Kẹsàn-án

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbà mí gbọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò, àfi orúkọ ilé iṣẹ́ wa. Èmi Ìbíwùnmí ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn. Ọwọ́ mi ló kọ irọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́dún 2006, à ń ṣe títì kan láti ẹ̀yìn Ifọ̀ lọ sí apá Ìbògún. Mowé ni mò ń gbé, láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ mi ò kan ṣọ́bìrì. Ètò iṣẹ́ ni wọ́n gbà mí fún. Ìwé àdéhùn títì yẹn le ju ìyá ọkọ lọ. Ó ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ lórí ètò: ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí ṣáájú rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ń darí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ tún un kọ, kí n gbé e fún ẹnjiníà tó ń ṣojú ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí wa. Bó bá di oṣù kan, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

Afárá kéékèèké mẹ́jọ ló wà lójú ọ̀nà náà, níbi tí omi ti ń gba abẹ́ títì kọjá. Ìlà mẹ́jọ. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níwájú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: Hàkímù, fọ́máànù wa, ọmọ bíbí Ifọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Nurat. Kò mọ̀wé. Bí mo bá gbé ètò náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á tẹ̀ka síbi tí mo bá fi hàn án. Kò béèrè ohun tí mo kọ rí. Ó fọkàn tán mi. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn.

Òjò ọdún yẹn ò mọ ẹni tó ń kánjú. Nígbà tí a dé afárá karùn-ún, a ti fi ọjọ́ méjìlá pẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Adébánjí, ọ̀gá wa, wá dúró ti tábìlì mi.

"Kọ ọ́ pé ìkarùn-ún ti parí," ó ní. "A máa ṣe é ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Kí Engineer tó dé ní Mọ́ńdè, ó ti wà níbẹ̀."

Mo sọ fún un pé wọn ò tíì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ní kò sí ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Mo kọ ọ́. Mo fi orúkọ Bàbá Nurat síwájú rẹ̀. Bàbá Nurat nu ọwọ́, ó tẹ̀ka.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ Sátidé títí di ìdájí Mọ́ńdè. Ẹnì kankan ò jáde. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, afárá karùn-ún ti wà níbẹ̀.

Kọnkéré rẹ̀ ti gbẹ. Ó funfun. Ẹrẹ̀ tó yí i ká mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò sí ojú ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ ṣáájú tiwa, kò sí ipa táyà. Mo lọ ka àpò sìmẹ́ńtì wa. Ó pé. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni omi abẹ́ rẹ̀. À ń rí i tó ń ṣàn, a ò gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ẹ bá rìn sókè díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá rìn sísàlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Lórí afárá náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà wọ̀n ọ́n, ó fi òòlù lù ú wò, ó ní kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo wọn. Adébánjí ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ó ní ká gbàdúrà ọpẹ́, a sì gbà á. Àmín tèmi ò jáde dáadáa.

Ṣé ẹ rò pé a jáwọ́? A ò jáwọ́. Mo kọ ìkẹfà, ó di ṣíṣe. Mo kọ ìkeje, ó di ṣíṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í jẹun nítòsí ibẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Nurat pè mí síbi ìkeje, ní ojú oòrùn gangan.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ta lo kọ sílẹ̀ pé ó ṣe é?"

Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ tó fi ń tẹ̀ka, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo tẹ ètò jáde. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀. Mi ò kọ ìkẹsàn-án. Wọn ò dárúkọ iṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó ń darí rẹ̀: Hàkímù. Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí ṣáájú: ìkẹjọ. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kejì tí ìkẹjọ bá parí. Ọjọ́ ìparí ṣófo. Kọ̀ǹpútà náà kì í gbà kí ibẹ̀ ṣófo, á ní kí ẹ lọ kún un.

Mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀, ó tún jáde. Mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ìbàfò, bákan náà ni. Níkẹyìn mo fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé lásán. Mo kọ ìlà mẹ́jọ. Nígbà tí mo kà á, mẹ́sàn-án ni.

Mo lọ bá Bàbá Nurat, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fọwọ́ kan ìkẹjọ. Mo ní bí ìkẹjọ ò bá parí, ìkẹsàn-án ò ní lè bẹ̀rẹ̀, bí ètò ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo.

"Dìde," ó ní. "Orúkọ mi wà lórí mẹ́ta tí mi ò ṣe. Jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan tó kù."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó po kọnkéré pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Afárá yẹn ń dún. À ń gbọ́ ìró omi lábẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń jókòó jẹun lórí rẹ̀. Èmi ò kọ ọ́ pé ó parí. Ọjọ́ Ẹtì kan kọjá, èkejì kọjá, mi ò kọ ọ́. Adébánjí ní mo fẹ́ ba ilé iṣẹ́ jẹ́. Mo ní kó lé mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà fúnra rẹ̀ wọlé.

"Madam, mo ti wọn afárá yẹn. Ó ti parí. Kí ló dé tí kò sí lórí ètò?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó ní ẹni tó sọ pé iṣẹ́ tó parí ò parí, irọ́ lòun náà ń pa, àdéhùn ò sì gba irọ́. Ó fa bírò pupa yọ, ó kọ ọjọ́ Ẹtì yẹn síbi ọjọ́ ìparí ìkẹjọ.

Mo sáré lọ bá Bàbá Nurat bó ṣe ń ti ibi ìrun Jímọ́ọ̀ bọ̀. Ó ṣèlérí fún mi pé òun ò ní jáde nílé lọ́la.

Láàárọ̀ Sátidé, ìkuukùu bo ilẹ̀. Mo ti wà níbi iṣẹ́ ṣáájú aago méje. Mo rí i. Ó gbé ṣọ́bìrì léjìká, ó ń rìn lọ lójú ọ̀nà bí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè. Mo pariwo, "Bàbá Nurat." Ó gbé ọwọ́ sókè, kò wẹ̀yìn. Mo sáré tẹ̀ lé e dé orí afárá kẹjọ. Ìkuukùu ti gbà á. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ìró omi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá wá a. Àwọn ọdẹ wá a. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin wọ inú igbó. Wọn ò rí fìlà, wọn ò rí ṣọ́bìrì. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, Nurat, ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Ìbògún, wá bá mi ní Mowé. Kò jókòó. Ó ní kí n bá òun lọ wo nǹkan kan. A kọjá ibi tí títì wa parí sí, a wọ inú igbó, a rìn tó wákàtí kan. Kò sí àdéhùn kankan tó débẹ̀. A dé etí odò kékeré kan.

Afárá kan wà lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀nà níwájú rẹ̀, kò sí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, kò dún.

Nurat kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ etí kọnkéré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọwọ́ lásán ni bàbá òun fi ń dán etí iṣẹ́ rẹ̀, kì í lo pákó, àti pé ìka rẹ̀ kan tó wọ́ máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ mi, ó fi lé ìlà náà.

"Iṣẹ́ bàbá mi nìyí," ó ní.

Ní iwájú, láàárín igi, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ fún òmíràn. Yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Nurat wò ó, ó wá wò mí.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ètò. Ìgbà wo ni bàbá mi máa ṣe é tán kí wọ́n máa bọ̀ nílé?"

Mo rántí ọjọ́ ìparí ìlà kẹsàn-án, tó ṣófo. Ó dúró, ó ń retí ìdáhùn mi.