Àmì Dúdú Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ràmọ́nì

Akínyẹlé mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní òun fẹ́ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọkùnrin náà ti kú. Kò ṣàìsàn, ejò kò bù ú jẹ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn ti wí, ṣùgbọ́n ta ló lè sin ọ̀rọ̀ ẹnu ará abúlé?

Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí àbúrò rẹ̀, Ràmọ́nì, gbé iṣu bọ̀ láti oko. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú poro láàárín ebè méjì, gìgísẹ̀ wà lókè, ara pẹ̀lú iṣu sì wó lé e lórí. Èjìká Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ló rọ̀ mọ́ délé.

Ìyá Ojúọlápé, àbúrò bàbá Ràmọ́nì, ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Opó arúgbó ni, ó ń tiro, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ó wo ẹsẹ̀ náà fínnífínní.

"Ràmọ́nì, má fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ o. Tí o bá fi tẹlẹ̀, o ò ní í rìn gún régé mọ́ láyé."

Háà! Ẹnu àgbàlagbà nìyẹn ti jáde? Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ń wo ojú ara wọn.

Ládòkun, baálé agbo ilé àti ẹ̀gbọ́n ìyá náà, òun náà ló ń to eegun fún wọn. Ó fa ọrùn ẹsẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ọrùn ẹsẹ̀ kò yẹ̀. Dìde, máa rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì síbẹ̀." Ràmọ́nì rìn, ó ń ké bí ẹran ọdún.

Lọ́jọ́ kejì, Àwáwù ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Ó gbé e sókè, ó rí àmì dúdú kan láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ gan-an, ó tó àtàǹpàkò àgbà. Igi kò gún un níbẹ̀, òkúta kò gbá a níbẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Àwọn ayé ti fọwọ́ bà á!"

Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyápọ̀, aládùúgbò rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.

"Ta ló ṣépè fún un lójúkojú? Àwáwù, ọdún mẹ́rin lo ti lò lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, kí lo gbé pọ̀n? Òwìwí bà sórí igi igbá ẹ̀yìnkùlé yín ní ọ̀sán gangan lọ́jọ́ tí Akínyẹlé kú. Àbí o ò rí i ni?"

Lírọ̀lẹ́, Àwáwù ṣọ́ ìyá náà. Ó rí i tó mú ọ̀bẹ, tó tiro lọ sídìí igi igbá yẹn, tó ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹyẹ kan fò pẹ́rẹ́ kúrò lórí ẹ̀ka. Ara Àwáwù bù máṣọ. Ó sáré lọ bá Ládòkun, Ládòkun sì dájọ́: kí ìrun Jímọ̀ ọ̀la tó dé, kí Ìyá Ojúọlápé bá ọkọ̀ ọjà Ijio lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ijio kẹ̀? Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ á gbà ọ́ sílé."

Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ Ràmọ́nì tún wú sí i. Ọkàn Àwáwù kò balẹ̀. Àjẹ́ ń palẹ̀ ẹrù mọ́, kí ló dé tí ara ọkọ òun kò fúyẹ́? Ó dá ọkọ̀ agbéṣu dúró, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tẹ̀dé, máìlì méjì péré.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé kò tíì tú aṣọ tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ náà tó fi béèrè bó ṣe ṣubú. Ràmọ́nì ṣàlàyé.

"Ìka há, gìgísẹ̀ wà lókè? Àmì dúdú wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ yín, àbí?"

Àwáwù fò dìde. "Ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ni?"

"Ìyàwó, ẹ jókòó jàre. Mi ò fò lọ síbì kankan." Ó tú aṣọ, ó rọra fìka tẹ àárín ẹsẹ̀ lókè, Ràmọ́nì sì lọgun. "Ọrùn ẹsẹ̀ kọ́. Àárín ẹsẹ̀ ni. Iṣan tó so àwọn eegun kéékèèké ibẹ̀ pọ̀ ló fà tàbí tó já. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ tó di dúdú yẹn. Ẹ má fà á mọ́, ẹ má fomi gbígbóná jó o mọ́."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí, ó fi aṣọ tutù lé e, ó fi pákó àti báńdéèjì dì í. Ó kọ ìwé kí wọ́n lọ ya fọ́tò eegun ní Ṣakí.

"Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà o. Ẹ má fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀. Tí ẹ bá fi tẹlẹ̀, ẹ ò ní í rìn gún régé mọ́ láyé."

Orí Àwáwù wú. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ojúọlápé gan-an nìyí, kò yẹ̀ rárá! Ó fi ọkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ká ìró sókè, ó sì fi eré gé máìlì méjì náà.

Ọkọ̀ Ijio ti ń fọn fèrè, Ládòkun àti Ìyápọ̀ dúró tì í. Ìyá Ojúọlápé jókòó nínú rẹ̀ lórí ẹrù, ó gbé ọ̀pá igi igbá méjì sórí itan. Orí àwọn ọ̀pá náà là sí méjì, ó sì ti fi àkísà dì wọ́n kí wọ́n má baà gún abíyá. Àwáwù wó lulẹ̀ síwájú táyà.

"Ẹ má wà á o! Ìyá, èmi ni mo bà yín jẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ ohun tí ẹ sọ! Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ṣebí bí ẹsẹ̀ tèmi yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kí n máa rìn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà wà níbẹ̀."

Ládòkun ń wo ilẹ̀. Ìyápọ̀ kò fẹ́ kí ó tán bẹ́ẹ̀. "Ta ló wá pa Akínyẹlé?"

"Èmi náà ń béèrè," ni ìyá náà wí. "Ọwọ́ mi yìí ló wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i."

Àwáwù gun ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí ẹrù, ó fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọ̀pá méjì náà ni ìyá náà kọ́kọ́ tì sí i lọ́wọ́.

"Gbé ìwọ̀nyí lọ fún un ná. Ṣé kò fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́?"