Ẹran Tí Mi Ò Rún

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò mọ irọ́ pa, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá sí Ọ̀ka, kó wá wo àwo náà. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Mi ò tíì fọ̀ ọ́.

Ajá kékeré kan ni Zachariah, ọkọ mi, fi sílẹ̀ dè mí. Púpì là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbó kùjọ́kùjọ́. Kò ju ológbò lọ. Eyín rẹ̀ ti jẹrà, èyí tí kò tíì yọ ń mì, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn débi pé tó bá yán lẹ́yìnkùlé, màá gbọ́ òórùn rẹ̀ ní kíṣìnnì. Dókítà ẹran kan ní Ìkàrẹ́ sọ pé ó ti dàgbà kọjá ẹni à ń yọ eyín fún. Kí a ṣáà máa fún un ní ohun tó rọ̀.

Ohun tó rọ̀ lójú Zachariah ni pé kó máa rún ẹran fún un. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á jókòó lẹ́yìnkùlé, á rún ẹran lẹ́nu títí á fi kúnná, á ṣù ú róbótó-róbótó, á tò ó sí etí àwo. Obì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, torí náà oúnjẹ ajá yẹn máa ń pọ́n díẹ̀.

"Bàbá Fúnmi, ajá nìyí àbí ọmọ ọwọ́?" mo máa ń bi í. "Ẹ ò rún nǹkan fún Fúnminíyì báyìí."

Á kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kú, ẹ̀yìnkùlé yẹn náà la sin ín sí. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ. Ilé wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀, kì í ṣe pé mò ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Fúnminíyì, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà nílé ọkọ ní Ìkàrẹ́. Kò yéé pè mí.

"Màámi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá yín ti wà ńlẹ̀."

"Púpì ńkọ́?"

Mùsùlùmí ni Ismaheel, ọkọ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ajá ò lè wọ ilé tó ti ń kírun. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ tó bá kú, màá wá," mo ní.

Mi ò sì fẹ́ lọ. Ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ kọ́ ni. Bí ajá arúgbó yẹn bá ń jẹun, mo dúró nìyẹn. Bí kò bá jẹun, kí n máa di ẹrù.

Púpì ò wá jẹun. Mo po ẹ̀kọ fún un, ó yíjú. Mo gún ẹja mọ́ iṣu, ó gbóòórùn rẹ̀, ó lọ sùn sídìí sàréè. Èyí tí wọ́n bá rún ló ń fẹ́. Ó ń rí mi lára, ká sòótọ́. Eyín tèmi náà sì ti ká tán pátápátá. Ẹran tí èmi fúnra mi bá máa jẹ, ọ̀bẹ ni mo fi ń gé e wẹ́wẹ́ kí n tó gbé e mì. Egungun ìhà ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìrọ̀lẹ́ kan nígbà ọyẹ́, mo gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, iṣu àti ẹran tó le. Mo gbé tèmi náà jókòó. Oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn àpáta. Ewé kankan ò mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ẹni tó fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó wà nítòsí. Mi ò rò ó kí n tó la ẹnu.

"Ẹ wá bá wa jẹun o."

Sàréè ni mo kọjú sí.

Kafilat, aládùúgbò wa, ń ká aṣọ lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé tiwọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá Fúnmi, ta lẹ̀ ń pè?"

"Kò sí."

"Ẹ má pe ẹni tẹ́ ò rí nírú àsìkò yìí. A kì í dákẹ́ ká ṣì wí o."

"Gbọ́ tìẹ, jàre."

Mo wọlé lọ bu omi. Nígbà tí mo padà dé, Púpì ti dìde, ó ń ju ìrù. Ẹran ti kúrò láàárín àwo. Etí àwo ló wà, wọ́n ti rún un, wọ́n ti ṣù ú róbótó-róbótó, ó pọ́n díẹ̀. Itọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ajá náà jẹ ẹ́ tán pátá.

Mo wo ọ̀dọ̀ Kafilat. Ó ti wọlé, ó ti ti fèrèsé.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sá. Kí n sá lọ síbo? Ajá mi jẹun, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé àwo kalẹ̀, mo tún pè, mo tún wọlé. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. N kì í bojú wẹ̀yìn. Láti kíṣìnnì ni mo ti ń gbọ́ ọ: ẹnu tó ń rún nǹkan, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Púpì sanra. Èmi náà ń sùn dáadáa. Mo pa rédíò.

Fúnminíyì wá kí mi ní Sátidé kan. Ó rí etí àwo.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ wá ń rún un báyìí?"

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni?"

Ó ní kí n la ẹnu. Ọmọ tí mo bí ló ní kí n la ẹnu, mo sì là á. Ó wo inú rẹ̀ títí, ó tún wo àwo.

"Kò séyín níbẹ̀," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ọjọ́ tí ajá yìí bá kú, ẹ ò ní sun ilé yìí mọ́."

Púpì kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú oorun, pẹ̀lú ikùn tó yó. Mo sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó rẹ̀. Fúnminíyì ní Ismaheel ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé mi. Mo di ẹrù mi.

Ìrọ̀lẹ́ àná, mo jókòó jẹun níbẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Àwo kan ṣoṣo. Mo rántí ọ̀rọ̀ Kafilat, mo pa ẹnu mi mọ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo wá rí i pé mi ò mú ọ̀bẹ, mo bá wọlé lọ mú un.

Kíṣìnnì ni mo wà tí mo gbọ́ ọ. Ẹnu tó ń rún nǹkan, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú.

Mo dúró títí ó fi dákẹ́. Nígbà tí mo jáde, ẹran mi ti wà létí àwo, róbótó-róbótó, ó pọ́n díẹ̀.

Mo jókòó. Mo sunkún, mi ò ní fi bò. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bìkítà bóyá mo rí nǹkan jẹ.

Láàárọ̀ yìí, Ismaheel dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun máa kó ẹrù sínú ọkọ̀. Mo ní kó máa padà lọ. Ó wo àwo tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú mi.

"Màámi, kí ni kí n wí fún Fúnmi?"

"Sọ fún un pé mo ti jẹun."